Bẹ́ ẹ ṣe lè fi owó tí ò pọ̀ kan ilé sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, kẹ́ ẹ sì máa gbé inú ẹ̀ káàkiri Amẹ́ríkà

Kẹ́ ẹ tó ra pákó kankan, ẹ lọ ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ dírẹ́bà lára píkọ́ọ̀pù yín, kẹ́ ẹ wo ibi tí ilẹ̀kùn ti ń pàdé ara ọkọ̀. Ẹ máa rí sítíkà kan tó ní yẹ́lò àti funfun lára, ọ̀rọ̀ táyà ló pọ̀ jù lórí ẹ̀, àmọ́ gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "The combined weight of occupants and cargo should never exceed", nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e yẹn ni ọ̀gá gbogbo iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí. Ìwúwo tí ọkọ̀ yẹn lè gbé nìyẹn, èèyàn àti ẹrù pa pọ̀ o, kì í ṣe ẹrù nìkan. F-150, píkọ́ọ̀pù Ford, méjì lè dúró ti ara wọn, ọdún kan náà, àwọ̀ kan náà, kí ọ̀kan gbé 1,300 pọ́ùn kí ìkejì gbé 1,900, torí 4x4, àga aláwọ, ẹ́ńjíìnì tó tóbi, gbogbo ẹ̀ ló ń jẹ nínú ìwúwo yẹn. Torí náà ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ta ọkọ̀ gbọ́, ẹ má sì gba tàwọn tó ń kọ nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sítíkà ara ọkọ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ kà.

Mo ń tẹnu mọ́ ọn torí ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Èèyàn á kan ilé tó rẹwà, kíṣìnì pẹ̀lú dúróà, á gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ìdí ọkọ̀ á jókòó sílẹ̀, iwájú á fúyẹ́, sìtíárìn ò ní fẹ́ gbọ́ràn mọ́, bíréèkì á wá máa gbóná tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ní Colorado. Ìyẹn kì í ṣe ìgbádùn mọ́, ewu ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní sítíkà tiyín sọ pé 1,500 pọ́ùn. Ẹ̀yin àti ẹnì kejì yín, ká pè yín ní 330, ó ku 1,170. Omi bíi gálọ́ọ̀nù 15, gálọ́ọ̀nù kan jẹ́ pọ́ùn 8 lé díẹ̀, ìyẹn ti gba 125. Bátìrì, sólà, fíríìjì, hítà, ẹ pè é ní 120. Oúnjẹ, aṣọ, ìkòkò, irinṣẹ́, 200. Ohun tó ṣẹ́ kù ni 725, ilé fúnra ẹ̀ ò wá gbọ́dọ̀ ju 600 lọ, kẹ́ ẹ lè ní àyè díẹ̀, torí ẹrù máa ń pọ̀ sí i lójú ọ̀nà ni, kì í dín. Ilé 600 pọ́ùn ṣeé kàn dáadáa, àmọ́ kì í ṣe bí àwọn kápẹ́ńtà ṣe ń kan ilé orí ilẹ̀.

Tí wọ́n bá ti ń fowó ilé fún èèyàn lọ́rùn ní Houston tàbí Maryland, tàbí tẹ́ ẹ bá jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń gba kọ́ńtíráàtì ọ̀sẹ̀ 13, ọ̀sẹ̀ 13, láti ìlú dé ìlú, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an. Ó sì ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ti lo ogún ọdún nílẹ̀ yìí, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí àti airport nìkan la mọ̀. Ilẹ̀ yìí fẹ̀, ó rẹwà, àwa náà lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i.

Ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa rà

Ọkọ̀ tẹ́ ẹ ti ní nílé ló dáa jù, tí sítíkà ẹ̀ bá gbà á. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, èmi ò ní gbà yín níyànjú kẹ́ ẹ ra tuntun, ẹ wá àlòkù tó ní ẹ̀yìn gígùn, fíìtì 6 àbọ̀ tàbí 8, ilẹ̀kùn méjì sì tó tí ò bá sí ọmọ. Tẹ́ ẹ bá rí F-250 tàbí 2500, àwọn píkọ́ọ̀pù tó lágbára jù, tí owó ẹ̀ ò ga jù, ẹ gbé e, ó ń gbẹ́rù ju àwọn kékeré lọ dáadáa, epo tó ń mu ni ìṣòro ẹ̀.

Ọkọ̀ tó ti pẹ́ ní Michigan, Ohio tàbí New York, níbi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Ẹ mú hámà kékeré, ẹ máa kan férémù ẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó ṣì le á máa dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, èyí tí ìpẹtà ti jẹ dénú á dún bọ̀ọ̀, nígbà míì hámà á tiẹ̀ wọlé. Tẹ́ ẹ bá ti gbọ́ bọ̀ọ̀ yẹn ẹ kí onítọ̀hún ẹ máa lọ, bó ti wù kí ọ̀dà ara ẹ̀ máa dán tó. Ẹ wo táyà náà, ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ orí ẹ̀, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Táyà tó ti lé lọ́dún mẹ́fà, èmi ò lè gbé ilé lé e. Èyí tí wọ́n kọ LT sí, load range E, ìyẹn táyà tí wọ́n ṣe fún ẹrù wúwo, ni kẹ́ ẹ rà tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, àmọ́ ẹ má rò pé táyà tó le máa sọ nọ́ńbà sítíkà yẹn di púpọ̀, kò ní sọ ọ́ di púpọ̀.

Egungun ilé

Ẹ kọ́kọ́ fi páálí yà á. Mo mọ̀ pé ẹ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó, àmọ́ ẹ gba páálí fíríìjì lọ́dọ̀ àwọn tó ń tà á, ẹ gé e, ẹ tò ó sẹ́yìn ọkọ̀, kẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó, kẹ́ ẹ ṣe bí ẹni ń ro ẹ̀bà. Ibẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ pé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé sítóòfù sí ò dáa, kò sì ná yín ní kọ́bọ̀.

Ibùsùn máa wà lórí ibi tí dírẹ́bà ń jókòó, ìyẹn apá tó yọ síwájú, kí ilẹ̀ ẹ̀yìn lè ṣófo fún ìjókòó àti kíṣìnì. Ẹ jẹ́ kí àyè íǹṣì 3 tàbí 4 wà láàrin ìsàlẹ̀ ibùsùn àti òrùlé ọkọ̀, torí ọkọ̀ máa ń yí ara lórí ọ̀nà tí ò dáa, tí wọ́n bá fara kanra wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ara wọn. Matíráàsì full jẹ́ 54 íǹṣì sí 75, tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ níbùú, ilé tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ 79 láti ìta máa gbà á. Ẹ má jẹ́ kó tó 80, torí láti 80 lọ sókè òfin ń béèrè àwọn iná kéékèèké lókè fún ọkọ̀ tó fẹ̀, wàhálà tí ẹ ò nílò. Ẹni tó bá ga ju fíìtì 6 àti íǹṣì 3 lọ, kó tẹ́ ibùsùn ẹ̀ lóòró, apá iwájú á kàn yọ sí i ni.

Pákó 2x2 ni egungun ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 2x2 ni wọ́n ń pè é ní Home Depot, íǹṣì kan àbọ̀ ni gangan. Ẹ ṣà wọ́n fúnra yín. Ẹ gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sójú bí ọdẹ tó ń fojú sun ìbọn, èyí tó bá tẹ̀ tàbí tó lọ́, ẹ dá a padà. Gbogbo oríkèé ni kẹ́ ẹ fi gúlùù igi sí kẹ́ ẹ tó de skrúù, skrúù nìkan ò tó, ọkọ̀ tó ń gbọ̀n lójoojúmọ́ á tú u. Àárín pákó sí pákó, ẹ gé fóòmù líle tó jẹ́ íǹṣì kan àbọ̀ sí i, èyí aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí búlúù tí wọ́n ń pè ní XPS, òun ló máa dá òtútù àti ooru dúró, pátákó ńlá kan ẹ̀ ò sì ju pọ́ùn mélòó kan lọ. Níta ẹ kan plywood tín-ínrín, ¼ íǹṣì, mọ́ ọn, ọ̀kan jẹ́ bíi pọ́ùn 22, nígbà tí èyí tó jẹ́ ¾ máa ń tó 60 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ti rí ibi tí ìwúwo ń gbà wọlé. Inú náà ẹ fi èyí tó tín-ínrín bò ó, ẹ má fi fóòmù sílẹ̀ lásán, iná máa ń tètè mú un, èéfín ẹ̀ sì burú.

Òrùlé ò gbọ́dọ̀ tẹ́jú. Ẹ gé àwọn igi òkè kí àárín ga ju ẹ̀gbẹ́ lọ ní íǹṣì méjì, kómi lè ṣàn lọ. Kẹ́ ẹ sì ṣe fèrèsé kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí èèyàn lè gbà jáde. Tí iná bá ṣẹlẹ̀, ẹnu ilẹ̀kùn lẹ́bàá sítóòfù ló máa ń ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin sì wà lókè. Kò sí àríyànjiyàn lórí èyí.

Aṣọ tẹ́ ẹ máa fi wọ ilé

Ibí lowó ti ń dín. Fáíbà gíláàsì ń náni lówó, olóòórùn ni, ó ń yún ara. Ohun tí àwọn tówó ò pọ̀ lọ́wọ́ wọn ń lò ni kánfáàsì, gúlùù àti ọ̀dà. Ẹ ra kánfáàsì tí àwọn akunlé ń tẹ́ sílẹ̀, owú gidi ni, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná kó sún kì tó bá máa sún kì, ẹ sá a. Ẹ fi sáńpépà ra gbogbo igun ilé kó rí roboto, kánfáàsì kì í fẹ́ràn igun tó mú. Ẹ wá da gúlùù igi Titebond II tí ẹ fi omi díẹ̀ là sórí plywood, ẹ fi rólà tẹ́ ẹ, ẹ na kánfáàsì lé e, ẹ fọwọ́ mú un láti àárín lọ sí etí títí gbogbo afẹ́fẹ́ á fi jáde, kẹ́ ẹ tún fi gúlùù rin ín láti òkè títí tó fi máa mu gúlùù yó, ẹ máa rí i tí àwọ̀ funfun ẹ̀ ń di ẹléérú bó ṣe ń mu ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ mọ́jú. Ẹ fọwọ́ gbá a, tó bá dún gbáḿgbáḿ ó ti lẹ̀ mọ́ igi nìyẹn, ibi tó bá ń dún wẹ́yẹ́ wẹ́yẹ́, ẹ fi abẹ là á, ẹ rọ gúlùù sínú ẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ọ̀dà ara ògiri ìta, èyí tí wọ́n ń fi omi là, ẹ kùn ún ní ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ẹ lo funfun fún òrùlé torí oòrùn. Ara ògiri wà lọ́wọ́ yín, àmọ́ àwọ̀ dúdú ní Texas láàrin July, ẹ máa fara dà á.

Fèrèsé àti fáànù òkè, ẹ má fi sílíkọ́ọ̀nù dí ìdí wọn. Ọ̀dà ò lẹ̀ mọ́ sílíkọ́ọ̀nù, sílíkọ́ọ̀nù tuntun gan-an ò fẹ́ lẹ̀ mọ́ èyí tó ti gbó, tó bá jò lọ́jọ́ iwájú, fífà á kúrò ló máa gba gbogbo ọjọ́ yín. Butyl tape, ìyẹn téèpù rọ́bà tó rọ̀ tó sì ń lẹ̀, ni kẹ́ ẹ tẹ́ sábẹ́ etí fèrèsé, kẹ́ ẹ wá de skrúù lé e títí tó máa fi ń fún jáde díẹ̀díẹ̀ yíká, ẹ fi ọ̀bẹ oníke gé èyí tó yọ. Òrùlé, ẹ fi gọ́ọ̀mù òrùlé RV (ọkọ̀ tí èèyàn ń gbé inú ẹ̀) tó ń ṣàn fúnra ẹ̀ yí orí skrúù ká.

Kẹ́ ẹ tó kan ìbòrí inú, ẹ pe ẹnì kan kó wọ inú ilé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kẹ́ ẹ gbé họ́ọ̀sì omi, kẹ́ ẹ máa rọ ọ́ lé e fún bíi wákàtí kan, láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti iwájú bí ìgbà tọ́kọ̀ ń sáré nínú òjò. Ó máa fàkókò ṣòfò, àmọ́ omi tó bá wọlé tí ẹ ò rí, abẹ́lẹ̀ ni yóò ti máa jẹ igi yín.

Iná

Mi ò ní fi èyí gùn. Bátìrì LiFePO4, irú lithium kan, tó jẹ́ 100Ah, páńẹ́lì 200 wáàtì, ẹ̀rọ MPPT tó ń darí sólà, ó tán. Fíríìjì oní 12V kékeré ń jẹ bíi 30 sí 45Ah lójúmọ́, fáànù, fóònù àti gílóòbù ò tó nǹkan, nítorí náà bẹ́ ẹ bá ṣe é dáadáa bátìrì yẹn á gbé yín fẹ́rẹ̀ẹ́ ọjọ́ méjì láìsí oòrùn. Ẹ fi DC-DC charger sí i kí ẹ́ńjíìnì náà lè máa gba bátìrì ní iná nígbà tẹ́ ẹ bá ń wakọ̀. Fíúùsì gbọ́dọ̀ wà nídìí bátìrì gan-an, kì í ṣe ní ìparí wáyà, torí wáyà tó wà láàrin bátìrì àti fíúùsì ò ní olùgbèjà kankan. Bátìrì irú èyí ò fẹ́ kí wọ́n chájì òun tí òtútù bá ti wọ ibi tí omi ń dì, torí náà inú ilé ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Ẹ wá gbé e sílẹ̀, síwájú, láàrin ìdí kábù àti ọpá táyà ẹ̀yìn, omi náà síbẹ̀, gbogbo ohun tó wúwo síbẹ̀. Tí wọ́n bá wà lẹ́yìn táyà, iwájú ọkọ̀ á máa gbéra ni.

Ooru, èéfín àti ọbẹ̀

Òtútù máa ń mú ní aṣálẹ̀ lóru kódà níbi tí ooru ti mú lọ́sàn-án. Hítà oní-dísù kékeré tó jẹ́ 2 kilowatt máa tó fún ilé báyìí, dísù díẹ̀ ló ń mu, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló sì ń fọ́n. Páìpù èéfín ẹ̀ máa ń gbóná gan-an, ẹ gbà á jáde síta pẹ̀lú irin, kó jìnnà sí fóòmù àti igi. Ẹ má fi sítóòfù gáàsì móoru sùn láéláé. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń gbọ́ èéfín CO (carbon monoxide, èéfín tó ń pani) kọ́, ẹ fi ti iná náà kọ́, kẹ́ ẹ fi fáyà extinguisher sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rọ CO yẹn ò wọ́n, CO ò sì ní òórùn tí imú lè gbọ́.

Mímí èèyàn méjì nìkan tó láti fi omi kún inú ilé mọ́jú. Fáànù òkè, ihò 14 íǹṣì sí 14, kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀ lódìkejì, ìyẹn ló ń lé e jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èbu á bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ matíráàsì. Ẹ fi nǹkan tó ní ihò tẹ́ abẹ́ matíráàsì, kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ ẹ̀.

Oúnjẹ wa bá ìgbé ayé yìí mu ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Gaàrí, èlùbọ́, ẹ̀wà, ata gígún, ẹja gbígbẹ, kò sí èyí tó nílò fíríìjì, omi gbígbóná nìkan sì ni ẹ̀bà ń béèrè. Àmọ́ ata dídín, epo pupa yíyọ́, ìta ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, ẹ gbé tábìlì sẹ́yìn ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá dín ata nínú ilé tí gígùn ẹ̀ ò ju fíìtì 8 lọ, pílò yín á máa ta sánsán fún oṣù kan. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé níbi tí béárì wà, irú àti ẹja gbígbẹ ló yẹ kẹ́ ẹ kó pa mọ́ jù, imú béárì ń gbọ́ òórùn láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ wo òfin ibẹ̀, àwọn ibì kan ní àpótí irin fún un.

Omi: ike gálọ́ọ̀nù 7 méjì àti páǹpù tẹ́ ẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀, kò sí páìpù tó máa dì tàbí bẹ́. Ìgbọ̀nsẹ̀: bọ́kẹ́ẹ̀tì oníbòrí pẹ̀lú àpò tí wọ́n ṣe fún un, ẹ kó o lọ, ní agbègbè Moab ní Utah dandan ni. Ìwẹ̀, ọ̀pọ̀ ń forúkọ sílẹ̀ ní Planet Fitness, ilé eré ìmárale tó ní ibi ìwẹ̀, torí ó wà káàkiri.

Dídè é mọ́lẹ̀ àti wíwọ̀n ọ́n

Ẹ tẹ́ rọ́bà sílẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ilé má baà yọ̀. Àwọn ìkọ́ kéékèèké tó bá ọkọ̀ wá, ẹrù lásán ni wọ́n fi ń so, wọn ò ṣe é fún ilé tó ń jà pẹ̀lú atẹ́gùn. Ẹ lo èyí tó dì mọ́ férémù, tàbí kẹ́ ẹ lu bóòtù gba ilẹ̀ ẹ̀yìn kọjá pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ lábẹ́, ẹ fi turnbuckle mẹ́rin, irin tó ń fún nǹkan le tẹ́ ẹ bá yí i, fà á.

Lẹ́yìn náà ẹ kó gbogbo ẹrù sí i, omi kún, epo kún, ẹ̀yin méjèèjì wọlé, ẹ wakọ̀ lọ sí CAT scale, ìwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀, ní ibi tí àwọn onítírélà ń dúró sí. Owó ẹ̀ kì í tó 20 dọ́là. Ìwé tí wọ́n máa fún yín ń sọ ìwúwo táyà iwájú lọ́tọ̀, tẹ̀yìn lọ́tọ̀. Ẹ fi wé nọ́ńbà GVWR (ìwúwo tí ọkọ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kọjá) àti GAWR (èyí tí táyà iwájú tàbí tẹ̀yìn ò gbọ́dọ̀ kọjá) tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Tó bá kọjá, ẹ yọ nǹkan kúrò, gbígbé spring tó le sí i kì í yí òfin padà.

Àpapọ̀ owó, mo fojú bù ú sí nǹkan bíi 2,500 sí 3,500 dọ́là láìka ọkọ̀, tẹ́ ẹ bá ra fèrèsé àlòkù, tẹ́ ẹ sì ń fara balẹ̀ wá nǹkan. Tówó bá fẹ́ kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ dín iná kù, ẹ má dín gúlùù òrùlé àti ohun tó dè é mọ́lẹ̀ kù.

Ẹ kọ́kọ́ sùn nínú ẹ̀ ní ìtòsí ilé ní òpin ọ̀sẹ̀ kan tí òjò ń rọ̀, kẹ́ ẹ tún turnbuckle fà lẹ́yìn 50 máìlì àkọ́kọ́, wọ́n máa ń dẹ̀.

Ìwé àti ibi tẹ́ ẹ máa sùn

Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe sítísìn, ẹ dákun, ẹ má fi èyí ṣeré: láàárín ọjọ́ 10 tẹ́ ẹ bá ti yí àdírẹ́ẹ̀sì padà, ẹ gbọ́dọ̀ fi fọ́ọ̀mù AR-11 sọ fún USCIS, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwé àwọn àjèjì. Gbígbé inú ọkọ̀ ò yọ yín kúrò nínú ẹ̀. Ẹ ní àdírẹ́ẹ̀sì gidi kan, ilé àbúrò tàbí mọ̀lẹ́bí, tí wọ́n á ti máa gba lẹ́tà yín, torí lẹ́tà grinkáàdì tó bá sọnù lè dá gbogbo nǹkan yín dúró. Ẹ pe ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì náà, ẹ sọ òtítọ́ fún wọn nípa ilé ẹ̀yìn ọkọ̀, kẹ́ ẹ sì bi DMV, ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀, ìpínlẹ̀ yín bóyá ẹrù ni wọ́n kà á sí, ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ló yàtọ̀.

Ibi tẹ́ ẹ máa sùn lọ́fẹ̀ẹ́ pọ̀ ní ìwọ̀ oòrùn: Arizona, Utah, Nevada, ilẹ̀ ìjọba tí BLM, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, ń bójú tó àti igbó ìjọba. Ọjọ́ 14 ni wọ́n sábà máa ń gbà yín láyè níbì kan, kẹ́ ẹ tó ṣí. Ní Quartzsite ní Arizona, ibi tí wọ́n ń pè ní La Posa, ẹ lè sanwó kẹ́ ẹ dúró pẹ́ láti September 15 dé April 15, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ ti ń lo ìgbà òtútù. Nígbà tí ooru bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gun òkè: Flagstaff wà ní bíi 7,000 fíìtì, Arizona kan náà ni, àmọ́ ojú ọjọ́ ẹ̀ yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ máa dé ibi tẹ́ ẹ máa sùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ kọ orí ọkọ̀ síta, kí kọ́kọ́rọ́ wà níbi tọ́wọ́ ti lè tó o, torí ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ìdí sìtíárìn. Tí ibì kan ò bá sì tẹ́ ọkàn yín lọ́rùn, bí wọ́n ṣe ń wò yín tàbí bí ibẹ̀ ṣe dákẹ́, ẹ ṣí, ẹ má jiyàn pẹ̀lú ara yín. Ẹ da máàpù sórí fóònù kẹ́ ẹ tó kúrò ní ìlú, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹnì kan nílé ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an àti ọjọ́ tó yẹ kó gbóhùn yín, pẹ̀lú orúkọ county yẹn, kó lè mọ sheriff tó máa pè.